Ìṣirò Ọwọ́ Bàbá Ṣéídù

Aago méjì òru ti lù, iná ti lọ,
afẹ́fẹ́ ọ̀sà kò rí ojú fèrèsé wa gbà wọlé.
Òógùn ń ṣàn lọ́wọ́ Bàbá Ṣéídù
bí omi létí àwọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde.
Pílásítà tí mo lẹ̀ nírọ̀lẹ́ ti ká etí bí ewé gbígbẹ.
Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo,
kánúlà yọ.
Omi oògùn ń kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó, tó, tó,
oògùn tí Rábíátù tìtorí rẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ìkarùn-ún tí mo máa gún un rèé láàárín ọjọ́ mẹ́ta.
Mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú,
mo ń wá iṣan kiri lọ́wọ́ àgbà.
Ọwọ́ tó fa àwọ̀n fún àádọ́ta ọdún lójú omi Ẹ̀pẹ́
ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ọwọ́ ọmọ tuntun.
"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹja lẹ̀ ń wá níbẹ̀ ni?"
Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Odùmúyìwá, akọ̀wé owó,
ẹni tí í ka páálí ìbọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó buwọ́ lùwé.
Mo gbé ìdìmú kékeré kan sórí tábìlì rẹ̀,
èyí tí wọ́n fún wa láti fi dánra wò:
fóòmù pẹlẹbẹ, ike tín-ín-rín láàárín,
tó ń di ọrùn kánúlà mú láì fún un pa.
"Ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀?" Ó bọ́ awò ojú. "Fún iṣẹ́ tí pílásítà ń ṣe?"
Mo ní, ẹ jẹ́ ká ṣírò èyí tí pílásítà ò ṣe.

Kánúlà, ẹgbẹ̀rin náírà. Ìgbà márùn-ún: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.
Ìbọ̀wọ́, igba náírà. Ìgbà márùn-ún: ẹgbẹ̀rún kan.
Oògùn tó dà nù, Rábíátù ló mọ iye rẹ̀.
Ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi wá iṣan,
tí ẹni orí bẹ́ẹ̀dì keje ń pè mí tí mi ò lè dáhùn,
ẹ kọ ọ́ síbi tó bá wù yín.
Ọwọ́ tó wú, ibà tó gbabẹ̀ wọlé,
ọjọ́ méjì tó fi pẹ́ lọ́dọ̀ wa: owó ni.
Àti igbe. Mi ò mọ ìlà tí wọ́n ń kọ igbe sí.

Mi ò ní purọ́, ìdìmú kì í ṣe àwúre.
Ó bó ìyá arúgbó kan láwọ̀ ní wọ́ọ̀dù obìnrin,
torí a fà á yọ láì fomi rẹ̀ ẹ́.
Bí ọwọ́ nọ́ọ̀sì bá sì dọ̀tí, kò sí ìdè tó lè fọ̀ ọ́.
Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ojú abẹ́rẹ́ òru àná tún wú.
Mo bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, mo lo ìdìmú orí tábìlì yẹn.
Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó wò ó títí.
"Apẹja ló ṣe èyí."
Ó ní ọkọ̀ tí a so mọ́ èèkàn ní Màrínà,
bí okùn bá fún jù, ìgbì á fa èèkàn tu;
bó bá dẹ̀ jù, Èjìnrìn la ó ti lọ mú un.
"Àyè díẹ̀ lọkọ̀ ń fẹ́. Kó lè jó, kó má lọ."
Ló bá fi ọwọ́ náà jó fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì.
Kánúlà ò mira.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ó. Èmi ni mo fi òwú tútù yọ ọ́, díẹ̀díẹ̀.
Àmì dúdú márùn-ún lọ́wọ́ òsì, ẹyọ kan lọ́tùn-ún.

Ọ̀gbẹ́ni Odùmúyìwá fi ìwé ránṣẹ́:
Ẹ ra méjìlá. Ẹ mú ìṣirò wá lóṣù tó ń bọ̀.
Méjìlá. Bẹ́ẹ̀dì méjìdínlógún la ní.
Mo ti jókòó, mò ń ro ẹni tí mi ò ní fún.